Ọgbà Kì í Bọ́ Màlúù: Ìtàn Irúgbìn Ewé Ẹran Tí A Gbàgbé Sínú Àpò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkìtì fi òfin de dída ẹran jẹ̀ káàkiri. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà péjọ sí Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída màlúù jẹ̀ ní gbangba dópin ní agbègbè wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Láàárín ọdún mẹ́jọ yìí, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọgbà, a ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò ra wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí etí mi kò tíì gbọ́ dáadáa ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ọmọdé lè béèrè: bí a bá ti màlúù mọ́nú ọgbà tán, kí ni yóò máa jẹ nígbà tí oṣù Kìíní bá dé, tí koríko bá gbẹ bí igi ìdáná?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti tó ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń dáhùn rẹ̀ ní Kàdúná, àti ní Ìbàdàn níbí. Ìdáhùn wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà. Láti orí irúgbìn kékeré kan ló ti bẹ̀rẹ̀, irúgbìn tó jẹ́ pé bí a kò bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sílé, tí a kò sì mọ irú omi tí a ó rẹ ẹ́ sí kí a tó gbìn ín, inú ilẹ̀ ni yóò wà bí òkúta. Ìtàn irúgbìn náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni ètò ọgbà ẹran wa yóò ti forí ṣánpọ́n bí a kò bá tètè kíyè sí i.

Ohun tí ẹran ń wá lọ sí gúúsù

Nígbà òjò, koríko pọ̀, ó tutù, ó sì ń ṣe ara ẹran lóore. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i, koríko náà a gbẹ, a di pòròpórò. Màlúù lè jẹ ẹ́ títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ, síbẹ̀ kò ní rí èròjà amúaradàgbà tó ń wá nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni wàrà máa ń gbẹ lọ́mú abo màlúù, tí ọmọ rẹ̀ máa ń rù, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tètè gba akọ. Ìgbà náà sì ni darandaran máa ń da ẹran rẹ̀ kọrí sí gúúsù, níbi tí ewé tútù ṣì wà. Nígbà mìíràn, inú oko ẹlòmíràn ni ewé tútù ọ̀hún wà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ti ń tìdí rẹ̀ yọ: oko tó bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn, abúlé tó tú.

Àwọn ohun ọ̀gbìn ìdílé ẹ̀wà yàtọ̀ sí koríko. Nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò wọn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, tí wọ́n ń fa nàìtírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń fi bọ́ ohun ọ̀gbìn tó gbà wọ́n lálejò. Ìdí nìyí tí ewé wọn fi ní èròjà amúaradàgbà ju koríko lọ, tí ilẹ̀ tí wọ́n bá wà sì ń lọ́ràá sí i. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀wà mọ̀ pé ẹran kì í rí ewé rẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé òtílí. Stylo, tó jẹ́ ewéko kúkúrú láti Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, wà nínú ìdílé yìí. Leucaena àti Gliricidia, tí wọ́n jẹ́ igi láti Mexico àti àwọn ilẹ̀ tó múlé tì í, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń bá ìdílé yìí ṣe ìwádìí. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, láti ọdún 1925 sí 1933, O. T. Faulkner dán oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn ìdílé ẹ̀wà wò láti mọ èyí tó lè dá ọ̀rá ilẹ̀ padà. Mucuna, ìbátan wèrèpè tó ń yún ni lára, wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń lé nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a máa kọ́ lẹ́yìn náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìdílé yìí ṣiṣẹ́ fún un, láti orí irúgbìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Irúgbìn tó ń sùn

Ẹ lọ bi ìyá tó ń ṣe irú. Yóò sọ fún yín pé kóró irúgbá kì í ṣe ohun tí a ń sè ní wákàtí kan. Ó lè wà lórí iná láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí kó sun orí iná mọ́jú, kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀ débi tí a ó lè tẹ̀ ẹ́ bọ́. Ìdílé ẹ̀wà ni irúgbá náà ti wá.

Èèpo ọ̀pọ̀ irúgbìn ìdílé yìí ní ìpele kan tó tò pẹ́kípẹ́kí bí òpó tí a rì mọ́lẹ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀, omi kò sì lè gbabẹ̀ kọjá. Irúgbìn tó wà nínú rẹ̀ kò kú. Ó ń sùn ni. Oorun náà sì ní ìdí. Bí gbogbo irúgbìn bá hù lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí òjò náà sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn ni yóò gbẹ tán pátá. Nítorí náà, díẹ̀ a hù lọ́dún yìí, díẹ̀ a dúró de àmọ́dún, díẹ̀ a sì dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n nìyẹn fún ewéko tó ń dá gbé inú igbó. Fún ẹni tó fowó ra irúgbìn, tó fẹ́ kí oko rẹ̀ kún lọ́dún yìí, wàhálà ni.

Inú ọjà ni àwọn ará Yúróòpù ti kọ́kọ́ rí wàhálà yìí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, irúgbìn clover, ewé ìdílé ẹ̀wà tí màlúù àti àgùntàn wọn ń jẹ, ti di ọjà ńlá. Àwọn oníjìbìtì a máa pa irúgbìn tó ti gbó láró kó lè dà bí tuntun. Wọ́n a tún máa mú irúgbìn mìíràn tó jọ ojúlówó, wọ́n a pa á kó má lè hù, wọ́n a sì pò ó mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rí jìbìtì náà nínú oko. Ó le débi pé ní ọdún 1869, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó de irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní ìlú Tharandt ní Jámánì, Friedrich Nobbe dá ibùdó àyẹ̀wò irúgbìn sílẹ̀, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé.

Iṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: ka irúgbìn, fún un lómi, ka iye tó hù. Ṣùgbọ́n ìdílé ẹ̀wà kò jẹ́ kí ìṣirò náà rọrùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ó rí èyí tó hù, a ó rí èyí tó jẹrà, a ó sì tún rí èyí tó le koko gẹ́gẹ́ bí a ṣe kó o síbẹ̀. Ṣé ká ka ẹ̀kẹta yìí mọ́ òkú ni tàbí mọ́ alààyè? Títí di òní, àwọn olùyẹ̀wò irúgbìn ń kà á lọ́tọ̀ ni.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé alààyè ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London ní ọdún 1940. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀, wọ́n tọ́jú irúgbìn igi kan tó jẹ́ ìbátan ayùnrẹ́ wa, tí wọ́n ti kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1793. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Bọ́ǹbù dá iná sí ilé náà, wọ́n sì da omi lu iná ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé irúgbìn náà ti ń hù, lẹ́yìn ọdún 147. Ohun mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ló pàdé níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀: ìtọ́jú ní ibi gbígbẹ, ooru tó já èèpo, àti omi tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1954, onímọ̀ kan ní New Zealand, E. O. C. Hyde, ṣàlàyé bí èèpo náà ṣe ń le. Ẹ wo ojú dúdú kékeré tó máa ń wà lára ẹ̀wà funfun. Irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lára irúgbìn clover pẹ̀lú, ohun tí Hyde sì rí ni pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ojú náà a là, omi inú irúgbìn a sì máa jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, ojú náà a pa dé, ọ̀rinrin kò sì ní ráyè wọlé. Bí irúgbìn bẹ́ẹ̀ bá ṣe gbẹ tó ni èèpo rẹ̀ ń le tó. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí a kó irúgbìn pa mọ́ sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu bí yóò ṣe hù, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan omi.

Báǹkì oúnjẹ ẹran ní Kàdúná

Ní ọdún 1965, ìjọba Ẹkùn Àríwá ṣe òfin tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìjẹ̀ ẹran. Ilẹ̀ ni òfin náà ń wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òfin tòní ṣe ń wá ọgbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀, tí koríko lásán wà lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn yóò gbẹ ẹ́ bó ṣe ń gbẹ èyí tí a kò yà sọ́tọ̀.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n dá àjọ ILCA sílẹ̀, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Addis Ababa. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó ti ní òṣìṣẹ́ ní Kàdúná àti ní Ìbàdàn. Ní Kurmin Biri àti Abet, ní agbègbè Kàdúná, wọ́n bá àwọn Fúlàní tó ti fìdí kalẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n pè ní báǹkì oúnjẹ ẹran. Ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4, ìyẹn bí éékà 10, ni wọ́n ń ṣọgbà yí ká. Wọ́n a kọ́kọ́ jẹ́ kí màlúù jẹ koríko ibẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n sì fi pátákò tú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a fọ́n irúgbìn stylo sí i, tí wọ́n a sì fi ajílẹ̀ kún un. Wọn kì í kó gbogbo agbo wọ ibẹ̀. Àwọn abo tó lóyún àti àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú ni wọ́n ń kó wọlé fún wákàtí mélòó kan lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ kíyè sí i pé ọgbà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ọgbà náà ni báǹkì. Irúgbìn stylo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè máa ń le. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í gba omi. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọ́n ọn, wọ́n ní láti já èèpo rẹ̀, yálà nípa kíkì í bọ inú omi gbígbóná tàbí nípa híha èèpo náà. Màlúù pàápàá ń bá wọn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí irúgbìn stylo tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè hù láti inú ìgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá da irúgbìn náà láti inú àpò sórí ilẹ̀ láìṣe nǹkan kan sí i, kó má ṣe bínú sí òjò nígbà tí ọgbà rẹ̀ bá ṣófo.

Igi méjì nínú oko kan ní Ìbàdàn

Ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àgbàdo sáàárín ìlà igi Leucaena ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ILCA wá fi ewúrẹ́ àti àgùntàn kún un: apá kan nínú ẹ̀ka tí wọ́n bá gé di ajílẹ̀ fún oko, apá kejì di oúnjẹ ẹran. Ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Ọ̀yọ́, àwọn àgbẹ̀ wa fi ọwọ́ ara wọn gbin igi wọ̀nyí, Leucaena àti Gliricidia, ní ìlà ìlà.

Igi méjèèjì wà nínú oko kan náà, ẹran kan náà ló ń jẹ wọ́n, àmọ́ irúgbìn wọn kò gba ìtọ́jú kan náà. Irúgbìn Leucaena le. A lè tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ fún ọdún mélòó kan kó má kú, ṣùgbọ́n bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni pé kí a kì í bọ inú omi tó gbóná dé ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 3 sí 4, kí a yọ ọ́, kí a sì wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Ẹni tó bá gbé e ka iná kó máa hó, oúnjẹ ló ń sè.

Gliricidia ní tirẹ̀ kì í sùn. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Omi tútù láti alẹ́ di òwúrọ̀ ti tó o, bó bá sì jẹ́ tuntun, yóò hù bí a kò tilẹ̀ rẹ ẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní odi tó nípọn, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ń wọ inú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ilé lásán, láàárín nǹkan bí ọdún kan, agbára rẹ̀ láti hù yóò ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí a bá gbẹ ẹ́ dáadáa, tí a dé e pa, tí a sì kó o sí ibi tútù, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa fẹ́ràn láti gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ju kí wọ́n wá kóró rẹ̀ lọ.

Gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni igi méjèèjì kó dání. Èèpo líle tó ń dínà omi nígbà gbígbìn, òun náà ló ń dáàbò bo irúgbìn nígbà ìtọ́jú. Èèpo fẹ́lẹ́ tó mú gbígbìn rọrùn, òun náà ló ń jẹ́ kí irúgbìn tètè kú nínú àpò. Ìdí nìyí tí a kì í fi í já èèpo irúgbìn líle títí di ìgbà tí a bá fẹ́ gbìn ín. Lọ́jọ́ tí omi gbígbóná bá ti kàn án, ààbò rẹ̀ ti lọ. Kò yẹ kó padà sínú àpò kó tún máa dúró de ìpàdé mìíràn.

Àjà ìdáná àti àpò orí sìmẹ́ǹtì

James Harrington, onímọ̀ irúgbìn ní Yunifásítì California, fi ìlànà méjì kan sílẹ̀ tí àwọn olùtọ́jú irúgbìn káàkiri àgbáyé fi ń ṣe afojúdíwọ̀n. Bí omi inú irúgbìn bá dín ní ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Bí ooru ibi tí a kó o sí bá dín ní ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò tún di ìlọ́po méjì.

Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ Harrington rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá irúgbìn ni ọ̀rinrin. Wọ́n so àgbàdo gbígbìn kọ́ sókè ìdáná, kí ooru lè gbẹ ẹ́, kí èéfín sì lé kòkòrò. Wọ́n pò ẹ̀wà gbígbìn mọ́ eérú, wọ́n sì dé e mọ́nú kèrègbè. Wọ́n ya èyí tí a ó gbìn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ó jẹ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé kàn án. Ẹ wá fi èyí wé àpò irúgbìn tí a kó jọ sórí sìmẹ́ǹtì lábẹ́ páánù gbígbóná, tí òjò ń jò sí, títí di ìgbà tí ìwé àṣẹ yóò fi jáde láti pín in. Bí Harrington àti ìyá àgbà bá jọ wọ inú ilé ìkẹ́rùsí bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni wọn yóò sọ.

Kì í ṣe pé àwọn ètò Kàdúná àti Ìbàdàn kò ní àbùkù. Àrùn anthracnose ba oríṣi stylo kan jẹ́. Owó ọgbà ga. Iṣẹ́ gígé ẹ̀ka pọ̀ lọ́rùn àgbẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ kì í sì í ṣe tirẹ̀ kì í yá lára láti gbin igi sí i. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, ILCA dara pọ̀ mọ́ àjọ mìíràn láti di ILRI. Àjọ lè dé, àjọ sì lè lọ. Ohun tí kò yẹ kó bá wọn lọ ni ìmọ̀ irúgbìn.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Mo jókòó sí ìpàdé àlàáfíà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lọ́pọ̀ ìgbà, mo kọ ohun tí ọba sọ, mo kọ ohun tí ọlọ́pàá sọ, mo ka iye oko tó bàjẹ́. N kò rántí ọjọ́ kan tí mo gbé kálámù sókè béèrè pé irúgbìn wo ni ẹ fẹ́ gbìn fún ẹran wọ̀nyí, níbo lẹ tọ́jú rẹ̀ sí, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń hù. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí a máa béèrè rẹ̀ báyìí. Kí owó tó jáde fún àpò irúgbìn kan, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ka 100 nínú rẹ̀ sórí aṣọ tútù, kó sì wo iye tí yóò hù, iye tí yóò jẹrà, àti iye tí yóò le. Èyí tó jẹrà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tó le, ẹ wá omi gbígbóná. Kò sí yàrá ìwádìí tí iṣẹ́ yìí nílò. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. IITA ń tọ́jú oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 sínú yàrá òtútù ní Ìbàdàn. Ní Moor Plantation kan náà tí Faulkner ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, NACGRAB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1987 dá sílẹ̀, ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀ dé ọ́fíìsì gómìnà ní Agodi, ìrìn àjò kékeré ni. Ẹni tó bá ń kọ ètò ọgbà ẹran lè dé ibẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan, kó béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, kó sì padà délé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ìpàdé. Bó bá rọ̀, irúgbìn tí a tọ́jú dáadáa tí a sì jí nìkan ni yóò dá a lóhùn.